Ọjọ́ tí Yákímù Yó Jù

Ẹni tó bá gbé abúlé wa rí mọ̀ pé a kì í gbójú sókè lásán níbí. Òkè Hérímónì ló wà lẹ́yìn ilé wa, orí òkè yẹn gan-an sì ni àwọn áńgẹ́lì tó kọ ọ̀run sílẹ̀ bà sí láyé ìgbà kan, nígbà tí wọ́n rí irun àwọn ọmọbìnrin ayé tí ojú wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ wọn, wọ́n bí òmìrán, àwọn òmìrán sì jẹ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tán, wọ́n tún ń jẹ ènìyàn kún un, kó tó di pé Ìkún-omi gbá wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí obìnrin kankan kì í fi gun òrùlé lọ sá ọ̀pọ̀tọ́ láìbo orí. Èmi Hógúlà tó ń sọ̀rọ̀ yìí, irun mi ti funfun, ó sì ti ń re. Áńgẹ́lì tó bá fi ọ̀run sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ojú ló ń dun olúwarẹ̀. Síbẹ̀ mò ń bo orí mi. A ò kúkú mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Yákímù ni mo fẹ́ sọ. Ìṣojú mi ni wọ́n bí i. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jáde, a rò pé kò ní tán ni. Bàbá rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan báyìí tó jẹ́ pé èjìká ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀, wọlé wá, ó wo ọmọ, ó yọjú lójú fèrèsé wo òkè, ó wá wo ìyàwó rẹ̀. Kò tíì la ẹnu tí Ṣífírà ìyàwó rẹ̀ fi ju aṣọ tútù ọwọ́ rẹ̀ lù ú lójú. Ó ní ìyá tó bí ìyá ọkùnrin náà ńkọ́, tó máa ń ká ọ̀pọ̀tọ́ láìgun igi, ṣé áńgẹ́lì ló bí ìyẹn náà ni? Ọkùnrin náà pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí tó fi kú. Àwọn ará abúlé ni ò pa ẹnu mọ́.

Ọmọ náà ń ga, ó sì ń ga sí i. Nígbà tó fi máa hu irùngbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ti ń kan igi àjà láìjẹ́ pé ó na ara. Àwọn ọmọdé á tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n á máa kọrin pé Yákímù òmìrán, ìyá wa ò dùn ún jẹ o, ti aládùúgbò ni kó o lọ jẹ. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́, àmọ́ kì í pa òun lẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká èjìká mọ́ra, ó ń tẹ orí ba nígbà tó bá ń rìn, kódà ní ìta gbangba tí kò sí nǹkan kan lókè ju ojú sánmà lọ. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí bí mo bá rí i bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la sì ń lò ó. Amọ̀ ni òrùlé wa. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, èèyàn gbọ́dọ̀ fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, kó sì yí òkúta rìbìtì lé e lórí kó lè le. Iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin tó kù á pawọ́ pọ̀ ṣe tí wọ́n á máa kérora, Yákímù nìkan á ti parí rẹ̀ kí búrẹ́dì tó jinná. Ẹni tí màlúù rẹ̀ já sí kòtò, Yákímù ni. Ẹni tí ólífì rẹ̀ so sórí ẹ̀ka tí ọ̀pá ò dé, Yákímù náà ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ẹ pè é lójú oorun, á ní òun ń bọ̀, Ìyá, kó tó mọ ẹni tó ń pe òun. Oúnjẹ tó sì ń jẹ ò ju ti ọmọ ọmọ mi ọkùnrin lọ, ìyẹn tó jẹ́ pé ìgbáròkó mi ni orí rẹ̀ mọ. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ará abúlé wa, wọ́n á ní kì í jẹun lójú èèyàn ni, pé ó ń lọ jẹ màlúù nínú igbó.

Báyìí ni afẹ́fẹ́ òkè ṣe fẹ́ lọ́jọ́ kan tó gba ìborí lórí Tírísà. Tírísà ọmọ Élíáṣíbù, ọmọbìnrin ẹlẹ́nu mímú, ó wà lórí òrùlé bàbá rẹ̀ tó ń yí ọ̀pọ̀tọ́ padà sí oòrùn. Aṣọ náà fò, ó di orí igi. Kí ẹ wo àwọn ọkùnrin lójú ọ̀nà. Kò sí èyí tí ọrùn rẹ̀ ò gùn, títí kan àwọn tó ń ṣáájú àdúrà. Yákímù ń kọjá lọ, ó na ọwọ́, ó mú aṣọ náà lórí igi bí ẹni mú aṣọ lórí okùn. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí òrùlé, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ síbẹ̀, ó na aṣọ náà sókè lẹ́yìn orí ara rẹ̀, kò wo irun Tírísà rárá. Ibi tó ti ń fi ẹ̀yìn rìn ló ti já sínú ọpọ́n omi àwọn ewúrẹ́, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ títí tí ọmọbìnrin náà fi gbà á. Tírísà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ fún mi pé ọkùnrin tó lè rí orí òrùlé láìgun àkàbà, tó wá kọ ẹ̀yìn sí i, òun lòun máa fẹ́, ẹni tó bá dùn mọ́ kó bá òun yọ̀.

Kò dùn mọ́ Élíáṣíbù. Bàbá Tírísà ló ń ka ìwé fún wa ní ilé àdúrà, ìtàn àwọn òmìrán yìí ló sì fẹ́ràn jù láyé. Ó mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ju bó ṣe mọ orúkọ àwọn àna rẹ̀ lọ. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti jẹ oko àwọn ènìyàn tán, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ á máa sá lọ sí ọ̀nà ilé ara rẹ̀, nítorí àká ọkà rẹ̀ ló kún jù lábúlé. Yákímù ló rẹ́ òrùlé àká yẹn fún un ní ọdún tó ṣáájú. Élíáṣíbù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òjò ò ní jò ó, ó sì wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Omi tútù lásán, kò gbé e jáde fún Yákímù.

Nígbà tí Ṣífírà wọ aṣọ tó dáa lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo bá a lọ. Élíáṣíbù fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó kọ́kọ́ sọ nípa Ìkún-omi, ó sọ nípa ẹ̀jẹ̀ tí kì í tán nínú ìran, ó wá dé orí ọ̀rọ̀.

"Ìyá Yákímù, kí n má tàn ẹ́. Ọmọ rẹ á wá jẹun nílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé Ìsinmi. Màá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, màá sì máa wò ó. Bó bá jẹun bí ènìyàn, màá fi Tírísà fún un. Bó bá jẹ bí òmìrán, kó má gba iwájú ilé mi kọjá mọ́."

Inú Ṣífírà bàjẹ́ débi pé kò lè sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó mọ ọmọ rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń ba Yákímù, ńṣe ló máa ń jẹun láìmọ̀, ọwọ́ á kàn máa lọ sínú àwo. Bó bá fi ẹ̀rù jókòó síwájú Élíáṣíbù, ó lè jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn kan tán kó tó rántí pé òun wà níbẹ̀. Ó ní ọmọ òun ò ní níyàwó láyé, pé òun ti mọ̀.

Èmi ni ọpọlọ mi ṣiṣẹ́. Mo ní ìyẹn ò le rárá. Ká fún un lóúnjẹ kó tó jáde nílé. Ẹni tó ti yó, kí ló máa wá ṣe nínú àwo ẹlòmíì ju kó tọ́ ọ wò bí ọmọlúàbí? Ṣífírà fo dìde, ó gbá mi mọ́ra. Ọgbọ́n ńlá ni, mo ṣì ń sọ ọ́ di ọjọ́ òní pé ọgbọ́n ńlá ni. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé mo sọ fún ìyàwó amọ̀kòkò, kó lè ràn wá lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀wà díẹ̀, òun náà sì sọ fún àbúrò rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí obìnrin tí kò mọ̀ lábúlé, kálukú sì rò pé òun nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún.

Ọ̀sán ọjọ́ oúnjẹ náà pé. Ṣífírà bọ́ ọmọ rẹ̀ ní búrẹ́dì báálì àti òróró títí tó fi ní Ìyá, ó tó. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó dé ọ̀dọ̀ mi kó wá kí mi. Mo ti di ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ sílẹ̀ dè é. Mo ní kó jẹ díẹ̀, kó má baà jẹ púpọ̀ lọ́hùn-ún. Ó wò mí, ó wo ọ̀pọ̀tọ́, ó jẹ ẹ́. Ó jáde báyìí, ìyàwó amọ̀kòkò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà pupa. Ó ní amọ̀ tó wà lórí ilé òun yìí, ta ló rẹ́ ẹ? Ṣé Yákímù á wá kọ oúnjẹ òun ni? Ó jẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì, opó kan tó ní ewúrẹ́ mú wàrà dídì jáde. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ẹja oníyọ̀ ń dúró dè é. Ẹni tó yọ màlúù rẹ̀ nínú kòtò fún un gbá a mú lápá, ó ní òun ò ní jẹ́ kó lọ fi ikùn òfìfo ti ara rẹ̀ lójú níwájú ọkùnrin ahun yẹn. Ẹ ti mọ̀ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Bó ṣe ń jáde nílé kan ló ń wọ òmíràn, ó ń tú àmùrè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà Élíáṣíbù, ó ń rìn bí aboyún tó ti pé oṣù.

Ó tẹ orí ba wọlé, síbẹ̀ òkúta àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn tún gbá a lórí, bí ti gbogbo ilé abúlé wa ṣe máa ń gbá a. Àwọn obìnrin ti wà lágbàlá, a ní a wá bá wọn ṣe búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ gbogbo ojú wa wà nínú ilé. Élíáṣíbù ti pe àgbà méjì kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀kan ni Bàbá Sákúrì, arúgbó tí oko nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n sun odindi ọ̀dọ́ àgùntàn, ọ̀rá ń kán sílẹ̀, òórùn rẹ̀ tó ohun tó lè fa áńgẹ́lì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Élíáṣíbù tò ó síwájú Yákímù bí ẹni dẹ pańpẹ́.

Yákímù súre sórí oúnjẹ. Ó bu búrẹ́dì bíńtín. Ó gbé e dé ẹnu, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gbé e lọ, ọ̀fun rẹ̀ kọ̀. Élíáṣíbù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn pé ọkà rẹ̀ kò ní tán. Ó ní kó jẹ ẹran. Yákímù mú ẹran, ó wò ó, òógùn bò ó, ó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ó dára bẹ́ẹ̀." Ẹ̀rín Élíáṣíbù bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú rẹ̀. Ó wo búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni ò jẹ. Ó wo bí ọmọ náà ṣe ga. Ṣé ẹ rántí pé ó mọ ìwé? Ó mọ̀ pé òmìrán máa ń jẹun jù, àmọ́ ó tún mọ àwọn tí kì í jẹ oúnjẹ ènìyàn rárá, tí wọ́n kàn máa ń ṣe bí ẹni ń jẹ. Àwọn bàbá òmìrán fúnra wọn nìyẹn.

Ó fo dìde, àwo dà nù.

"Tírísà, bo irun rẹ! Kì í ṣe ọmọ áńgẹ́lì, ọ̀kan nínú wọn ni!"

Áà, ẹ ò rí nǹkan. Àgbà kejì wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀. Gbogbo àwa tó wà lágbàlá fa ìborí mọ́ orí, èmi náà fà á, mo tún fi ọwọ́ kejì dì í mú. Bàbá Sákúrì nìkan ni kò sá. Ó sún mọ́ Yákímù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé níwọ̀n bí wọ́n ti ń tòkè bọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ dákun, ṣé òjò máa yá lọ́dún yìí, kí òun mọ ìgbà tí òun á gbin báálì? Yákímù fẹ́ dá a lóhùn, nítorí kì í kọ̀ fún àgbà. Ó la ẹnu, òsúkè ló jáde. Ó tún la ẹnu, ó yára fọwọ́ bò ó, ó dìde, ó sáré gba ẹnu ọ̀nà, ó fi iwájú orí kọlu àtẹ́rígbà gbàgà, ó dé àárín àgbàlá, ó sì bì.

Mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, bóyá ẹ ń jẹun. Kó pọ̀ ni mo lè sọ. Bó ṣe ń bọ̀ ni àwọn obìnrin ń dá tiwọn mọ̀. Ìyàwó amọ̀kòkò ní ẹ̀wà òun nìyẹn. Opó elewúrẹ́ ní wàrà òun rèé. Èmi náà rí ọ̀pọ̀tọ́ mi, mo sì dákẹ́, àmọ́ Ṣífírà ti ń wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ààrò, ó gba àgbàlá kan, a ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú wa. Ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì jáde, ó ní kò burú, áńgẹ́lì kì í bì.

Élíáṣíbù ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró tì wá, ó ń fi ojú ṣírò ohun tó wà nílẹ̀. Ó ní gbogbo èyí ni ẹnìkan jẹ? Lọ́sàn-án kan ṣoṣo? Ó na ìka sí Yákímù tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní òun ti sọ ọ́, òmìrán ni, gbogbo wa ló rí i báyìí, kí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ. Ẹ̀rín kú lẹ́nu wa. Ṣífírà bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n mi ló pa wọ́n.

Tírísà ló jáde síta. Ó ti bo irun rẹ̀ dáadáa, kò sì pariwo.

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ máa ń kà á fún wa. Ẹ ní àwọn òmìrán yẹn ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni. Ta ni Yákímù já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níbí?"

Élíáṣíbù wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ. Ìyàwó amọ̀kòkò ní òun náà bẹ̀ ẹ́. Onímàlúù ní òun ò bẹ̀ ẹ́, apá lòun fi fà á. Tírísà dúró títí a fi sọ tán.

"Oúnjẹ gbogbo ilé tó ń ṣiṣẹ́ fún ló wà nílẹ̀ yìí. Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá mi. Tiwa nìkan ni kò sí níbẹ̀."

Élíáṣíbù gbójú sókè, ó wo òrùlé àká rẹ̀ tí amọ̀ rẹ̀ ń dán. Ó pẹ́ kó tó sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀, nígbà tó sì sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti pọ́n. Ó wọlé, ó gbé omi jáde nínú àwokòtò fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́jú fún ọmọ náà. Nítorí pé Yákímù wà lórí ìkúnlẹ̀, ojú wọn ṣe déédéé, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Élíáṣíbù á rí ojú rẹ̀ ní tòótọ́. Kókó ńlá ti yọ níwájú orí rẹ̀ níbi tí àtẹ́rígbà ti gbá a. Élíáṣíbù fọwọ́ kàn án, ó bi í bóyá ó ń dùn ún.

Yákímù ní, "Rárá, Bàbá. Ó ti mọ́ mi lára."

Ohun tó mú omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rín. Nítorí ilé tèmi náà wà lára ilé tó ti gbá a lórí, láti kékeré rẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kàn án bi í rí.

Ìró òòlù ló jí wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Élíáṣíbù ló wà lórí àkàbà, tó ń gbẹ́ òkúta lókè ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, eruku ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun, ó sì ń bínú sí gbogbo ẹni tó bá ní kí òun bá a di àkàbà mú. Bí ìyàwó amọ̀kòkò ṣe rí i, ó lọ gbé òòlù ọkọ rẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi bá mi wá ọ̀kan. Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, abúlé ń dún kọ̀ǹkọ̀ kọ̀ǹkọ̀ bí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìlú tuntun.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a tẹ̀ lé ọkọ ìyàwó pẹ̀lú ìlù àti fèrè dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀. Bó ṣe dé ibẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára, ó ká èjìká mọ́ra, ó tẹ orí ba. Élíáṣíbù tó wà nínú ilé na ọwọ́ sókè, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan àgbọ̀n Yákímù, ó sì tì í sókè.

"Nàró, ọmọ mi."

Yákímù nàró. Ó ń nàró ni, kò tètè tán, Bàbá Sákúrì sì ń wò ó bí ẹni ń retí òjò. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sí ohun tó kàn án lórí. Àwa tí a kì í gbójú sókè lábúlé yìí, gbogbo wa ló gbójú sókè wò ó.